Bí Mo Ṣe Fi Ọkọ̀ Ojú Omi Gbé Ìyàwó Mi Lọ Sílé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé. Imú mi ṣì ń bó, etí mi ṣì ń bó, ìdí mi ò sì tíì dárí ji pákó tí mo jókòó lé fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tó rí mi ní Ọ̀rẹ̀ tó ní mo ti gbẹ, kò purọ́ mọ́ mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi, nítorí ìyẹn kì í bomi la ọ̀rọ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa mọ́tò èrò kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo wà á dé Kánò, mo wà á dé Sókótó, kò sì sí kòtò kan láàárín Ọ̀rẹ̀ sí Benin tí èmi àti ẹ̀ kò mọra. Dírẹ́bà Àgbà ni wọ́n ń pè mí ní gáréèjì títí dòní, inú mi sì máa ń dùn láti dáhùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí ní dírẹ́bà tí kì í dùn mọ́ mi, Àǹtí Bánkẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi.

Ọmọ Ìlàjẹ ni Ọmọlará ìyàwó mi. Inú ilé tó dúró lórí òpó láàárín omi ni wọ́n bí i sí, ní abúlé apẹja kan létí ọ̀sà, lẹ́yìn Ìwòpin. Ìyá wọn kú nígbà tí Lará wà ní kékeré, Àǹtí Bánkẹ́ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀, mọ́tò ni mo gbé lọ dé ibi tí ilẹ̀ parí sí, mo wá ránṣẹ́ pé kí àwọn ẹbí wá bá mi níbẹ̀. Mo rò pé ọ̀làjú ni. Àǹtí Bánkẹ́ wá lóòótọ́. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo mọ́tò mi, ó ní, "Dírẹ́bà, mú un lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó o bá gbé àbúrò mi gba ojú omi wá síwájú ulí mi, ọjọ́ yẹn ni mo máa jẹ oúnjẹ rẹ, ọjọ́ yẹn ni mo máa pè ọ́ ní àna." Ulí ni àwọn Ìlàjẹ ń pe ilé.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé. Ẹ̀pẹ́ la ti máa ń lọ pàdé rẹ̀, nítorí èmi kì í wọ ọkọ̀ ojú omi, n kì í sì í fẹ́ kí Lará wọ̀ ọ́. Mo ní kò ní búréèkì. Mo ní kò sí mẹkáníìkì lórí omi. Nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó fẹ́ máa fi ọkọ̀ gbé epo pupa láti Agbábù lọ sí Ìgbókọ̀dá, mo ní ìyàwó dírẹ́bà kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló tíì padà sílé wọn, ìgbà òkú ni méjèèjì, Ẹ̀pẹ́ ni mo sì dúró sí títí tó fi dé. Gbogbo iṣu, gbogbo epo, gbogbo púpurú ẹ̀gẹ́ tí mo ti gbé fún Àǹtí Bánkẹ́ láti oko wa ní Àjùẹ́, ó máa dúpẹ́, ó sì máa gbé e fún ẹlòmíì lójú mi. Kò tọ́ ọ wò rí. Lará á máa rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Tá a bá ti wọ mọ́tò padà, á kọjú sí fèrèsé, á sì máa sunkún. Èmi á tan rédíò.

Lọ́dún yìí ni Àǹtí Bánkẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó ní orúnkún ti dá òun jókòó, òun ò lè wá sí Ẹ̀pẹ́ mọ́, ká máa fi àdúrà ran òun lọ́wọ́. Lará gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ sẹ́yìnkùlé lọ bẹ́ ẹ̀gẹ́. Mo tẹ̀lé e lọ síbẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá kú láìjẹ oúnjẹ wa, kò sí ẹni tó máa lè tún un ṣe mọ́ láyé yìí. Mo wá gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Èmi fúnra mi ni màá gbé ọ lọ. Lójú omi. Èmi ni màá wà á."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ?"

Ọ̀dà Agbábù

Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà tó wà nílẹ̀ ní Agbábù. Wọ́n ní a máa fi tẹ́ títì kárí Nàìjíríà. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo wà lára àwọn díẹ̀ tó tíì rí nǹkan gidi fi ṣe. Ọkọ̀ onígi tí mo rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà kan tó ń dáko kòkó níbẹ̀ ń jò, ọkùnrin náà ò sì fi bò. Mo gbé ọ̀dà kaná, mo fi dí gbogbo ibi tó ń jò. Èyí tó ṣẹ́ kù, mo fi kun ìjókòó ẹ̀yìn nídìí ẹ́ńjìnnì, níbi tí èmi ọ̀gá ọkọ̀ máa jókòó sí, kó lè máa dán. Ọkùnrin yẹn ní, "Bàbá, tí oòrùn bá mú, ó máa yọ́ o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ti wa mọ́tò nínú oòrùn Sókótó rí.

Àwọn ará ìjọ wa wá láti Àgọ́ Aláyé pẹ̀lú aṣọ funfun wọn láti gbàdúrà sí ọkọ̀. Wòlíì wọ́n omi síwájú rẹ̀, ó wọ́n ọn sẹ́yìn rẹ̀, ó wá béèrè ẹni tó máa wà á. Mo ní èmi ni. Ó ní kí gbogbo ìjọ tún kúnlẹ̀.

A gbéra ní Agbábù láàárọ̀. Mo dé fìlà, mo fi jákẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kéèyàn léfòó sọ́rùn, mo so fèrè mọ́tò tírélà mọ́ bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, torí mi ò lè fojú inú wo ara mi kí n máa wa nǹkan tí kò ní fèrè. Mo ní kí Lará lọ jókòó síwájú pẹ̀lú agboòrùn ńlá rẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ púpurú tá a fẹ́ gbé fún Àǹtí Bánkẹ́. Ó ní ṣé kí òun má sún mọ́ mi lẹ́yìn, bóyá màá nílò ìrànlọ́wọ́. Mo ní èrò kì í bá dírẹ́bà wa mọ́tò.

Odò Olúwa dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Igi ọ̀gọ̀rọ̀ tẹ̀ láti apá ọ̀tún, igi ọ̀gọ̀rọ̀ tẹ̀ láti apá òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́ lókè orí wa. Ǹ bá gbádùn ẹwà náà ká ní mi ò kọlù ú. Nínú mọ́tò, tó o bá yí sítíárìn sí ọ̀tún, ọ̀tún lò ń lọ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kò rí bẹ́ẹ̀, tó o bá ti ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀tún, òsì ni imú ọkọ̀ máa kọjú sí. Mo wọ igbó ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, mo wọ igbó òsì lẹ́ẹ̀kan, èèrà já bọ́ sí mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò ju wákàtí kan lọ tó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe ń mọ ibi tó yẹ kí n yà sí. Ó kàn ń wá sí mi lọ́kàn ni. Mo ní nínú mi pé ẹ̀bùn ni, ẹni tó bá mọ mọ́tò wà ti mọ gbogbo nǹkan wà.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tá a dé èbúté kan lápá Òkìtìpupa. Bàbá arúgbó kan tó ń dẹ ìwọ̀ níbẹ̀ dìde, ó fi ọ̀pá rìn wá sétí omi láti kí àlejò. Ó tó bàbá mi bí. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo gbìyànjú láti dìde kí n dọ̀bálẹ̀. Ìdí mi ò gbéra. Mo tún gbìyànjú, ọkọ̀ mì tìtì, sòkòtò mi ò kúrò lórí pákó. Ọ̀dà ti yọ́, ó ti mú mi. Mo wá fi ìjókòó kí bàbá, mo ń tẹ orí ba bí aláǹgbá. Ojú bàbá yí padà.

Lará kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ọ̀dà ló dì í mú."

"Ọ̀dà ibo?"

"Ti Agbábù ni, bàbá."

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò mí níbi tí mo lẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ti Agbábù tí wọ́n ń pariwo láti ọjọ́ yìí? Ó mà lágbára lóòótọ́."

Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé mi kúrò. Ìró ìyàwó mi ni mo ró wọ ìlú lọ́jọ́ yẹn, bàbá arúgbó yẹn sì gbà wá sílé, ó se iṣu fún wa, ó ní kí n má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀ mọ́, òun ti gbà.

Ìyá tó gbé abọ́ fún mi

Lẹ́yìn Òkìtìpupa, odò fẹ̀, ọkọ̀ sì pọ̀ lórí rẹ̀. Ara mi yá gágá. Ó dà bíi títì márosẹ̀ lójú mi. Mo yí ẹ́ńjìnnì sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya gbogbo ọkọ̀ sílẹ̀, mo ń fọn fèrè fún ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ. Ìyá kan wà nínú ọkọ̀ kékeré tó ń fi àjẹ̀ wà, apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Mo rí Lará tó pa agboòrùn rẹ̀ dé tó ń jù ú sókè sódò. Mo rò pé ó ń yìn mí. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yẹn fìrì, mo fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì láti kí i, mo sì juwọ́.

Mi ò wẹ̀yìn. Dírẹ́bà gidi kì í wẹ̀yìn tó bá ti ya èèyàn sílẹ̀. Ká ní mo wẹ̀yìn ni, mi ò bá rí ìgbì tí ẹ́ńjìnnì mi fi ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀.

A dé èbúté Ìgbókọ̀dá, mo ti ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn níbẹ̀ bí mo ṣe yára tó, nígbà tí ìyá náà dé. Kò pariwo. Ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, omi tó wà nínú ẹ̀ tó ìdajì, apẹ̀rẹ̀ ẹja ń rin. Ó béèrè pé, "Ta ló ni ọkọ̀ tó ní fèrè?"

Mo ní, "Èmi ni, ìyá. Ẹ kú ojú omi." Mo tiẹ̀ fi ìyangàn sọ ọ́.

Ó mú abọ́ ike kan, ó nà án sí mi. "Ghá gbọ́n omi mi."

Mo wo ìyàwó mi. Lará ti rí ibi tó tutù jókòó sí, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá bu omi sínú ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa fi gbọ́n ọn jáde, dé orí ẹ̀kán tó kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a gbọ́n ọn."

"Ìwọ náà?"

"Èmi gan-an."

Mo wọ inú ọkọ̀ kékeré yẹn. Bí mo ṣe ń dúró ló ń dà mí síbí, ló ń dà mí sọ́hùn-ún, ni mo bá kúnlẹ̀. Mo gbọ́n, mo gbọ́n. Àwọn èèyàn fi ọjà wọn sílẹ̀, wọ́n wá ń wò. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè pé ṣé ará òkè ni mí, ìyẹn ní Ọ̀rẹ̀ ni mo ti wá, ọkùnrin náà ní ó hàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo rò pé mo ti parí, ìyá bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó ní ó kù díẹ̀ lábẹ́ pákó yẹn. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi fa èyí tó kù. Ó tún pa á. Ó wá rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ méjì ló ti kán. Ó yin ọwọ́ mi, ó ní, "Ọghọ́ rẹ dára. Ẹ jẹ́ ká lọ ulí."

Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ sílẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ya àwọn èèyàn sílẹ̀ lójú títì tí mo ń da ẹrẹ̀ sí wọn lára nígbà òjò, ẹnikẹ́ni ò gbé abọ́ fún mi rí.

Ilé tí kò ní àgbàlá

Orí omi ni ilé ìyá yẹn àti ọkọ rẹ̀ wà, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìgbókọ̀dá. Wọ́n gbé púpurú kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ màrúgbó dúdú tó ń hó, orí ẹja tútù sì yọ láàárín rẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé mo mọ púpurú dáadáa, pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń ṣe ojúlówó. Mo jẹ ẹ tán, mo wá béèrè bóyá ẹran wà. Gbogbo ilé wò mí. Baálé ilé ní, "Ẹran?" Ó rò ó títí, ó sì fi ẹja kejì sínú abọ́ mi pẹ̀lú àánú.

Ẹ mọ̀ pé mo máa ń na ẹsẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Mo dìde, mo kí wọn, mo ní mo ń bọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ilé parí. Omi ló kù. Mo yí padà, mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́jọ, mo bá ara mi nídìí àdògán wọn. Mo rìn ín bẹ́ẹ̀ títí àwọn aládùúgbò fi ń béèrè láti ẹnu ọ̀nà wọn pé kí ni bàbá yẹn sọ nù, ṣé kí àwọn wá bá a wá a.

Ohun kan tí mo rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kọjá ló ń dín ẹ́ńjìnnì kù tó bá dé iwájú ilé, á béèrè bí ará ilé ṣe jí, ará ilé á dáhùn láìsí pé ó gbójú sókè kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ̀ tiwa ńkọ́? Orí ọ̀nà la kọ́lé sí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí à ń bi àlejò ni pé ibo lò ń lọ, ká lè mọ mọ́tò tá a máa tì í sí. Èmi fúnra mi ti bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, mi ò sì rò ó rí pé àwọn kan nínú wọn lè fẹ́ jókòó.

Ìyá náà bi Lará léèrè ibi tí wọ́n ti bí i. Lará dárúkọ abúlé wọn. Ìyá ní òun mọ bàbá rẹ̀, ẹni tó máa ń dé fìlà pupa tó bá ń dẹ àwọ̀n. Ni àwọn méjèèjì bá bọ́ sínú Ìlàjẹ, wọ́n ń sọ ọ́ sáré sáré, mi ò lè tẹ̀lé wọn mọ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan, ó tún rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí nínú ilé mi. Ó dùn mí, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Ọ̀sà

A gba Àtìjẹ́rẹ́, a sùn, a gba Ìwòpin, a sùn. Mo ti ń dín ẹ́ńjìnnì kù fún gbogbo ẹni tó bá ní àjẹ̀ lọ́wọ́, mo ń dín in kù fún ẹyẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, igbó tó wà lápá ọ̀tún wa parí, èyí tó wà lápá òsì parí, ọ̀sà sì ṣí sílẹ̀ níwájú wa.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kò ní etí. Títì tó burú jù lọ nílé ayé ní etí, èèyàn lè yà síbẹ̀ kó dúró kó mí. Omi ni níwájú, omi ni lẹ́gbẹ̀ẹ́, atẹ́gùn sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbì gbé imú ọkọ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ gbàù. Ó tún gbé e. Omi wọlé. Mo di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú, ìka mi ò gbọ́ tèmi mọ́.

Mo kígbe sí Lará pé, "Ẹ́ńjìnnì yìí ń gbọ̀n."

Ó wò mí dáadáa. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì."

Ó pa agboòrùn dé, ó fi ìkúnlẹ̀ wá sẹ́yìn, ó bọ́ ìka mi kúrò lára irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bọ́ síwájú." Mo fi ọwọ́ àti orúnkún rá lọ síwájú. Ó dín ẹ́ńjìnnì kù, ó yí imú ọkọ̀ díẹ̀ báyìí, kò kọjú sí ìgbì, kò sì kẹ̀yìn sí i, ọkọ̀ sì rọra jókòó sórí omi. Ó ti bọ́ gèlè. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó jókòó síbẹ̀, ó di ọmọge.

Mo ní, "O mọ̀ ọ́n wà tó báyìí, o sì ń wò mí láti Agbábù?"

"Mi ò wò ọ́. Mò ń darí rẹ ni. Tí mo bá gbé agboòrùn sí ọ̀tún, o máa yà sí ọ̀tún. Tí mo bá gbé e sí òsì, o máa yà sí òsì."

"Mo rò pé oòrùn lò ń sá fún."

"Ẹ̀yìn wa ni oòrùn wà ní gbogbo àárọ̀, Bàbá Fọlá."

Mo di etí ọkọ̀ mú títí a fi kọjá àárín ọ̀sà.

Ẹnu ọ̀nà Àǹtí Bánkẹ́

Nígbà tí abúlé wọn yọ lókèèrè, tá a dé ibi tí àwọn apẹja ri igi mọ́lẹ̀ láti fi dẹ ẹja, Lará pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Wá gbà á. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí ọ nídìí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa tán lónìí."

Ẹni tó bá níyì lára á ní rárá. Mo gbà á. Mo tún fìlà mi dé, mo yọ àyà, mo jókòó bíi gómìnà. Mo fi imú ọkọ̀ gbá òpó ilé kan, mo tọrọ àforíjì, mo gbá èkejì, mo sì gúnlẹ̀ síwájú ilé Àǹtí Bánkẹ́.

Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú. Ó ti dàgbà gan-an. Lará fò jáde, ó dì mọ́ ọn, wọ́n pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Dírẹ́bà."

"Ẹ kú ilé, mà. Mo ti gbé e dé o. Ojú omi ni mo gbà."

"Mo rí yín. Láti àárín ọ̀sà ni mo ti ń wò yín. Ọkọ̀ yín ń bọ̀ gbọọrọ, ó dé ibi igi ẹja yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ṣé ibẹ̀ ló ti gbé e fún ọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí pákó. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, mà. Òun ló wà á. Láti Agbábù ló ti ń wà á, èmi ni mi ò mọ̀." Mo gbà pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn, pé irọ́ yẹ̀yẹ́ kan ni mo fi ba ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n jẹ́ níwájú ìyàwó mi.

Àǹtí Bánkẹ́ gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló ní kó o wà á? Mo ní kó o gbé e gba ojú omi wá. Mo mọ̀ pé ará òkè ni ọ́. Mo mọ̀ pé tó o bá dé ọ̀sà, ọghọ́ rẹ máa kọ̀ ọ́, òun ló sì máa gbà á. Ohun tí mo fẹ́ rí kí n tó kú nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Lará nígbà tó ti ń dá tu ọkọ̀ kọjá ọ̀sà yẹn. O mú ọmọ omi lọ, dírẹ́bà, o sọ ọ́ di èrò mọ́tò. Kí ló dé?"

Mo wo ìyàwó mi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti pupa nítorí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì ló ń wò.

Mo wá búréèkì, mo wá mẹkáníìkì, kò sí èyí tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ̀rù omi ń bà mí, mà. Láti kékeré ni. Tó bá bọ́ sójú omi tí nǹkan bá ṣe é, mi ò ní lè lọ bá a níbẹ̀. Orí ilẹ̀ nìkan ni mo ti lè tẹ̀lé e."

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Lará fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ti rò fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn pé mo ń fi ilé wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Àǹtí Bánkẹ́ ti àwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá ní, "O tẹ̀lé e dé ibí." Ó ní kí Lará ṣí apẹ̀rẹ̀ tá a gbé wá, kó yára ro púpurú inú ẹ̀ wá. Ó gé e, ó fi run ẹja, ó gbé e mì, ó tún gé òmíràn. Èmi ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, mò ń sunkún bí ọmọdé, ìdajì ara mi ti jáde kúrò lórí pákó.

Ó ní, "Àna mi, sún wá sínú. Wàá já sómi."

Lará ò bá mi padà. Ó ní òun máa lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, òun máa wa ọkọ̀ náà bọ̀ fúnra òun. Ó fi ọkọ̀ gbé mi dé Ẹ̀pẹ́, mo wọ mọ́tò wá sí Ọ̀rẹ̀. Lánàá ló pè mí. Ó ní òun ń gbéra lọ́la, pé tí mo bá fẹ́, kí n wá pàdé òun ní Òkìtìpupa, kí n wọ ọkọ̀ níbẹ̀, ká jọ gba odò wálé. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n màá lọ.